Físà, CoS, share code, NI: èwo ni èwo nínú "ìwé" Ìlú Ọba?

Láti ọjọ́ 22 Oṣù Keje 2025 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ kẹ́à, ìyẹn ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àwọn kan ní físà iṣẹ́ ti tán pátápátá. Àwọn éjẹ̀ńtì ní irọ́ ni, CoS ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ ṣáà fowó ránṣẹ́ kíá. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá wọ́n máa lé wọn padà wálé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù àkọ́kọ́ ń bèèrè pé ta ló jí lára owó òun.

Èrò tèmi ni pé ohun kan ṣoṣo ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí: nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kó pọ̀ tí a ń pè ní "ìwé". Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná.

Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Físà ni àṣẹ ìjọba. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Home Office ló ń fúnni. Òun ló ń sọ iye ọdún tí èèyàn lè gbé níbẹ̀, irú iṣẹ́ tó lè ṣe, àti bóyá ó lè mú ìyàwó tàbí ọkọ dání. Tẹ́lẹ̀, káàdì pélébé kan tó ń jẹ́ BRP ló máa ń wà lọ́wọ́ onífísà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn káàdì náà ló parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é.

CoS, ìyẹn Certificate of Sponsorship, kì í ṣe físà. Agbanisíṣẹ́ ló ń fúnni, òun la sì ń pè ní onígbọ̀wọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe sátífíkéètì tí èèyàn ń gbé kọ́ ògiri. Àkọsílẹ̀ kan ni lórí ẹ̀rọ ìjọba, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ibẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ti kọ orúkọ yín, iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, wákàtí rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi tọrọ físà. Ẹni tó ní CoS tí kò tíì ní físà kò tíì lè wọkọ̀ òfuurufú.

Share code jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbà lórí GOV.UK, lọ́fẹ̀ẹ́, láti fi han ẹlòmíràn ohun tí físà yín gbà yín láyè láti ṣe. Ọjọ́ 90 ni agbára rẹ̀. Èyí tí ẹ máa fún ọ̀gá iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ti onílé ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R. Tí ẹ bá gbé ti onílé fún ọ̀gá iṣẹ́, kò ní ṣí fún un, á sì rò pé ìwé yín kò pé.

NI number, ìyẹn National Insurance number, ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó orí yín. Lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́fà, lẹ́tà kan lẹ́yìn. Kì í parí, kì í yí padà, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ iṣẹ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé, tí share code yín bá ti fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gbà á ní £50 ń jẹun lórí àìmọ̀ yín ni.

Kí ló so físà mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo?

Ẹ wo ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì nílé. Ọ̀gá kan ló gbà á. Kò lè ṣàdédé jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó kó irinṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, àfi tí ọ̀gá tuntun bá gbà á, tí wọ́n sì tún àdéhùn kọ. Bí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá bá kógbá wọlé, ó di dandan kó tètè wá ibòmíràn. Títí di ọjọ́ fúrídọ̀mù ni.

Bí físà Skilled Worker àti ti Health and Care Worker ṣe rí nìyẹn. Iṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí, ni wọ́n torí rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀gá padà, ẹ máa gba CoS tuntun, ẹ máa tọrọ físà tuntun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Àyè díẹ̀ wà: ẹ lè fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn tó wà lára èyí tí òfin kà sílẹ̀, tí iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ yín kò bá ti dúró.

Ibì kan ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yà. Nílé, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ní Ìlú Ọba, ọ̀gá ló ń sanwó fún ìjọba kó tó lè gbà yín. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ pàtẹ sí.

Ta ló yẹ kó sanwó CoS?

Agbanisíṣẹ́ ni. Láti Oṣù Kẹrin 2025, £525 ni CoS kan ń ná ilé-iṣẹ́, ó sì tún ń san owó mìíràn fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa lò. Òfin kò gbà kó yí owó wọ̀nyí lé yín lórí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1973 lórí àwọn éjẹ̀ńtì oníṣẹ́ náà kò sì gbà kí éjẹ̀ńtì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́.

Owó tiyín ni owó físà, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n bá ti bèèrè rẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti owó ìlera tó jẹ́ £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn onífísà Health and Care kì í san owó ìlera yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì, CoS wọn kì í ṣe ayédèrú. Nọ́ńbà jẹ́ gidi, físà jáde, wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Heathrow, kò sì síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò ní arúgbó kankan láti tọ́jú. CoS gan-an ni ọjà tó ń tà. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé láàárín Oṣù Keje 2022 sí Oṣù Kejìlá 2024, òun gba ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́ tó lé ní 470 kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́à, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn lé ní 39,000. Láàárín wọn, a kò ní ṣàìrí ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó débẹ̀.

Nítorí náà, àkójọ orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ tó wà lórí GOV.UK dára láti wò, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ohun tó ń sọ fún yín kò ju pé ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Ẹ bèèrè iye oníbàárà tí wọ́n ní, àdúgbò tí ẹ máa ṣiṣẹ́, àti iye wákàtí tó dájú lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọ̀nà kẹ́à ti dí pátápátá?

Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù Kejì 2022 ni wọ́n ṣí i. Láti 11 Oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́à tuntun má mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di 22 Oṣù Keje 2025, wọ́n tì í fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá ń ta CoS kẹ́à fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà lónìí, òfìfo ló ń tà.

Fún ẹni tó ti wà nínú ìlú, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ti wà lórí físà kẹ́à lè yí onígbọ̀wọ́ padà. Ẹni tó wà lórí físà mìíràn, bí akẹ́kọ̀ọ́, lè bọ́ sí i tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Àyè yìí wà títí di 22 Oṣù Keje 2028.

Àwọn iṣẹ́ yòókù kò tì, ìlẹ̀kùn ló ga sí i. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó tó ti ẹni tó jáde yunifásítì, owó rẹ̀ lápapọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó £41,700 lọ́dún, tàbí iye tí ìjọba dá lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti tíṣà tí owó wọn wà lórí ìwọ̀n tí gbogbo ìlú ń lò ní ìlànà tiwọn tó kéré sí èyí.

Ọjọ́ 60: ìgbà wo ló ń bẹ̀rẹ̀?

Bí ọ̀gá bá lé yín, tàbí tí ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí gbogbo ayé ń sọ pé "ọjọ́ 60 ló kù". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n lé yín kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá máa fi tó Home Office létí, Home Office á wá kọ ìwé sí yín pé àwọn gé físà yín kúrú, ìwé yẹn ló máa dárúkọ ọjọ́ tí yóò parí. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 60, àfi tí èyí tó kù lórí físà yín kò bá tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ẹ lè gba CoS tuntun, ẹ lè tọrọ irú físà mìíràn, tàbí kí ẹ kúrò.

Ìméèlì ni wọ́n sábà máa ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ìméèlì éjẹ̀ńtì ni wọ́n fi tọrọ físà yín, òun ni yóò rí i, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ wọ inú àkántì UKVI yín, ìyẹn àkántì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí eVisa yín wà, kẹ́ ẹ fi ìméèlì tara yín sí i, lónìí.

Ní England ní 2025, ètò wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan tó ń bá òṣìṣẹ́ kẹ́à tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ pàdánù ìwé àṣẹ wá ọ̀gá tuntun. Citizens Advice àti Acas ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ físà, ẹ má gba ìmọ̀ràn olówó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority. Bọ̀dá tó ti wà ní Peckham láti 2005 lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n òfin tí òun bá wọlé kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ àti ọkọ tàbí aya ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́, Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Kò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀: dídirun gbowó, síse jọ̀lọ́ọ̀fù fún òde àríyá, gbígbé oúnjẹ kiri lórí àkántì ẹlòmíràn, ìkankan nínú wọn kò bófin mu. Ọkọ tàbí aya tó tẹ̀ lé onífísà wá kò sí lábẹ́ onígbọ̀wọ́ kankan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n pè ní "ẹni tó tẹ̀ lé" fi máa ń tètè fìdí múlẹ̀ ju onífísà fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọn kò pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ó lè jẹ́ CV. Ti Nàìjíríà máa ń ní ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá èèyàn ti gbéyàwó, nígbà mìíràn fọ́tò. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, wọn kì í lò ó níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Tí àlàfo bá wà láàárín ọdún, ẹ ṣàlàyé rẹ̀, pàápàá fún iṣẹ́ kẹ́à àti ti ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, àti ti káńsù tún ní àṣírí tirẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìwé kan sára ìkéde iṣẹ́ tó to ohun tí wọ́n ń wá lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì sàmì sí èyí tó pọn dandan. Ohun tí ẹ kọ ni wọ́n ń fún ní máàkì, lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ibi tí ẹ ti ṣe é rí. Bákan náà ni níwájú ìgbìmọ̀: wọ́n á ní kí ẹ sọ nípa ìgbà kan tí ẹ yanjú ìjà láàárín oníbàárà àti òṣìṣẹ́. A tọ́ wa pé kí a má yin ara wa, ẹlòmíràn ló yẹ kó yìn wá. Níbẹ̀, ohun tí kò bá ti ẹnu yín jáde kò lè ní máàkì.

Ní ti sátífíkéètì, iléeṣẹ́ Ecctis ló ń sọ ohun tí dìgírí Ìfẹ̀ tàbí Èkó bá dọ́gba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn iṣẹ́ kan, èyí kò tó: nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ wọn, NMC, dókítà lọ́dọ̀ GMC, tíṣà iléèwé ìjọba ní England sì máa ń nílò QTS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé èèyàn jẹ́ olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n, èyí tí àwọn tíṣà Nàìjíríà ti láǹfààní láti tọrọ láti Oṣù Kejì 2023.

Kí ló dé tí owó tó wọ báńkì kò pé?

Ká mú òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá dá £24,000 lọ́dún ní England. £2,000 lóṣù nìyẹn. Nǹkan bí £1,674 ló máa bá a délé.

Àkọ́kọ́ ni owó orí. Nínú owó tí èèyàn ń gbà lọ́dún, ìjọba kì í fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́. Tí a bá pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ £1,047.50. Nínú £2,000, ó ku £952.50, wọ́n á mú ìdá 20 nínú 100 níbẹ̀: £190.50. Lẹ́yìn náà ni National Insurance, ìdá 8 nínú 100 lórí èyí tó lé ní £1,048: ó tó £76. Owó ìfẹ̀yìntì ló kẹ́yìn, láàárín £59 sí £74 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń yọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá gba èyí tó pọ̀, owó orí á dín kù díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àbálọ àbábọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ bákan náà.

Owó ìfẹ̀yìntì yìí, èèyàn lè ní òun kò ṣe. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á dá owó padà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí owó tó ń lọ sílé lè pọ̀. Mi ò bá wọn wí, gbèsè éjẹ̀ńtì kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ń fi owó tirẹ̀ kún un, ẹni tó bá jáde ti fi ti ọ̀gá sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Ẹ wá wo lẹ́tà àti nọ́ńbà kékeré kan lára ìwé owó oṣù, wọ́n ń pè é ní tax code. 1257L ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún ẹni tó níṣẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ BR tàbí 0T, wọ́n ń gba owó orí lórí gbogbo owó yín látòkèdélẹ̀. Fún ẹni tí a ń sọ yìí, £400 ni wọ́n máa mú dípò £190.50. Ohun tó sábà máa ń fà á ni fọ́ọ̀mù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, starter checklist, tí kò kún. Ẹ kọ̀wé sí HMRC, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí. Tí wọ́n bá tún un ṣe, owó tí wọ́n gbà lé á padà wá.

Òdìkejì rẹ̀ náà máa ń dẹ́rù bani. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìn-ín-ní lè má san owó orí rárá títí di Oṣù Kẹta, torí pé £12,570 ti odindi ọdún ni wọ́n fún un, ọdún owó orí sì ń parí ní 5 Oṣù Kẹrin. Tó bá di ìparí Oṣù Kẹrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, á ní ọ̀gá ti ń rẹ́ òun jẹ.

Rírẹ́ni jẹ gidi wà o, ibòmíràn ló máa ń fara hàn. Ẹ gbé owó tí wọ́n kọ sínú CoS sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí ìwé owó oṣù, iye wákàtí pẹ̀lú. Ó yẹ kí wọ́n bára mu. Tí ẹ bá rí owó kan tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ tí wọn kò sọ ìdí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé CoS ni wọ́n ń tà fún yín ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó tó kéré jù tí òfin gbà fún ẹni ọdún 21 sókè, £12.21 fún wákàtí kan láti Oṣù Kẹrin 2025 àti £12.71 láti Oṣù Kẹrin 2026, kan àkókò tí òṣìṣẹ́ kẹ́à fi ń ti ilé arúgbó kan lọ sí ilé ìkejì.

Ilé, dókítà, mọ́tò

Owó ìdúró tí ẹ san fún onílé ní England kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ọ̀pọ̀ ilé, onílé sì gbọ́dọ̀ fi í sí ètò ìdáàbòbò láàárín ọjọ́ 30. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, kí ara tó ro yín, ọ̀fẹ́ ni. Lára eVisa yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí "public funds". Owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n ń sọ, bí owó ọmọ àti owó ilé. Iléèwé ìjọba fún ọmọ yín àti ìtọ́jú NHS kò sí lára rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti lò wọ́n.

Láìsẹ́nsì Nàìjíríà ṣeé fi wakọ̀ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ bá di olùgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò ni. Ẹ má dúró dé oṣù kọkànlá.

Ohun kan wà tó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú físà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, torí pé ọmọ Commonwealth ni. Kódà ẹni tí kò ráyè ìṣèlú yẹ kó forúkọ sílẹ̀, nítorí pé inú ìwé olùdìbò ni báńkì àti àwọn oníléeṣẹ́ fóònù máa ń wò láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń gbé níbi tó sọ.

Ọdún márùn-ún tó ń múni gba ìdúró títí láé dà?

Ọdún márùn-ún lórí físà Skilled Worker ni òfin tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ọdún tí èèyàn lò lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí Graduate, èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kì í wọ inú rẹ̀. Ní Oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba gbé ìwé jáde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn, nítorí náà ẹ wo GOV.UK fúnra yín kẹ́ ẹ tó ka ọdún.

Èyí ó wù kó jẹ́, ìjọba máa ń bèèrè ọjọ́ tí ẹ kò sí nílùú. Kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù 12 èyíkéyìí, ìgbéyàwó àbúrò wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ dé sínú fóònù yín láti ìrìn àjò àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé owó oṣù àti P60, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá ń fúnni lẹ́yìn tí ọdún owó orí bá parí.